Bàbá Ṣójà, ọmọ Ìtòkò tí ó sùn sí Bọ́mà

Nínú ìdílé ìyá mi ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣójà. Wọn kò bímọ rí, wọn kò sì fẹ́yàwó, nítorí ọmọ ọdún méjìlélógún ni wọ́n nígbà tí ogun Hítílà gba ẹ̀mí wọn ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, ní oṣù kẹta ọdún 1944. Àwọn ni ìyá wọn bí ṣáájú ìyá ìyá mi. Àbúrò mi tí ó kéré jù nínú ilé wa ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ogun bá wọn lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ wọn láìfi "Bàbá" ṣáájú. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìyá àgbà ẹni, bàbá ẹni ni, ìbáà jẹ́ pé irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó kú.

Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ nípa wọn sílẹ̀ nítorí pé gbogbo ẹni tí ó fojú rí wọn ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ni wọ́n gbẹ̀yìn. Nígbà ayé wọn, kò sí ọdún tí wọn kì í sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n wọn fún wa, bí wọ́n bá sì ń sọ ọ́, à fi bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀. Ilé ni ó ṣe ìrántí ọkùnrin yìí láti ọdún wọ̀nyí wá. Ìjọba tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kú kò wá sílé wa wá bèèrè wọn, ìjọba tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn náà kò wá, àfi bí a bá ka orúkọ kan tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní ọ̀nà jíjìn réré sí ìrántí. Èmi kà á sí ìrántí, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí wọn kò mọ̀ pé ó wà títí wọ́n fi kú.

Fọ́tò wọn kan ṣoṣo ni ó kù. Inú àpótí aṣọ ìyá àgbà ni ó wà, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, etí rẹ̀ ti ya, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n. Bàbá Ṣójà dúró níwájú aṣọ ìkélé kan tí ayàfọ́tò kun àwòrán igi ọ̀pẹ sí. Ṣòkòtò péńpé kákí ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi aṣọ di ojúgun láti ọrùn ẹsẹ̀ títí kan ìsàlẹ̀ orúnkún, ìgbànú aláwọ ńlá sì wà ní ìbàdí wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró lórí ilẹ̀. Bí àwọn ṣójà dúdú ṣe máa ń ya fọ́tò nìyẹn ní ayé ìgbà náà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í wọ bàtà; ìgbà tí ọ̀nà Bọ́mà dé ni wọ́n tó fún wọn ní bàtà ogun. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí àga kan tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ìyá àgbà sọ fún wa pé ìyá wọn, tí àwa ń pè ní Ìyá Ìtòkò, ni ayàfọ́tò ní kí wọ́n jókòó sórí àga náà, tí Ìyá Ìtòkò sì kọ̀ jálẹ̀, tí wọ́n ní àwọn kò bá ọmọ àwọn ya fọ́tò ìdágbére. Ẹ̀yìn fọ́tò náà ni wọ́n kọ nọ́ńbà ológun wọn sí pẹ̀lú pẹ́ńsù, nọ́ńbà tí a kò mọ ìwúlò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọdún 1942 ni wọ́n wọṣẹ́ ológun, ní Abẹ́òkúta níbí, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ ogun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ní Sòmálíà àti Etiópíà ní ọdún tí ó ṣáájú, wọ́n sì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1942 náà ni Jàpáàn gba Singapore, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Bọ́mà, tí ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé Íńdíà ni ó kàn. Wọ́n nílò ènìyàn, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti máa rí i. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí àwọn olóyè fà kalẹ̀ láìbi wọ́n, àwọn mìíràn tẹ̀ lé ọ̀rẹ́, àwọn mìíràn fẹ́ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ti Bàbá Ṣójà, owó ni. Bàbá wọn ti kú, òrùlé koríko ni ó wà lórí ilé ìyá wọn, wọ́n sì ti ṣèlérí pé páànù ni àwọn yóò fi kan án kí àwọn tó gbé ìyàwó wọlé.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wọ̀ ni Royal West African Frontier Force, èyí tí ó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast (ìyẹn Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia pọ̀. Ní ọdún 1943 ni Gẹ̀ẹ́sì to ẹgbẹ́ ńlá kan jọ láti inú rẹ̀ fún ogun Bọ́mà, tí wọ́n pè é ní Division 81, tí wọ́n sì fi aláǹtakùn ṣe àmì rẹ̀, ìyẹn Ananse tí àwọn ará Gold Coast máa ń pàlọ́ nípa rẹ̀ bí àwa ti ń pàlọ́ ìjàpá. Division 82 tẹ̀ lé e lọ́dún náà. Ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ọmọ wa láti Èkó, ó yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po gba Cape Town, ó sì gúnlẹ̀ sí Bombay. Ibẹ̀ ni wọ́n ti la ilẹ̀ Íńdíà kọjá títí wọ́n fi dé ẹnu ààlà Bọ́mà. Ọmọ Ìtòkò tí kò kọjá Èkó rí ni ó wá ń rìn lórí òkè tí orúkọ rẹ̀ kò yí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé.

Ibi tí wọ́n rán wọn lọ ni àfonífojì odò Kaladan, ní ẹkùn Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, kò jìnnà sí ibi tí ó ń jẹ́ Bangladesh lónìí. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà gba àárín òkè kọjá láti Chiringa, ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ní West African Way. Lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ inú àfonífojì náà tán, ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ, oògùn àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ohun tí ó bá ti kanlẹ̀, orí ènìyàn ni yóò rù ú dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń jà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti nínú igbó tí mọ́tò kò lè wọ̀.

Bàbá Ṣójà wà nínú àwọn tí ń ru ẹrù náà. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan, títí kan àwọn ẹbí, pé aláàárù lásán ni wọ́n, pé wọn kì í ṣe ṣójà gidi. Ìyá àgbà kì í fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá, èmi náà kò sì fara mọ́ ọn. Àwọn tí ń ru ẹrù búra bí àwọn yòókù ti búra, wọ́n wọ aṣọ ológun, wọ́n ní nọ́ńbà ológun, òfin ológun ni ó sì de wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ni ìbọn. Ẹni tí ó gbé àpótí ọta lé orí, tí ó fi ọwọ́ di í mú kí ó má baà ṣubú, kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ bí ìbọn bá dún láti inú igbó, kò sì lè sáré, nítorí bí ó bá ju ẹrù náà nù, àwọn tí ó wà níwájú kò ní rí ohun tí wọn yóò fi jà. Bí ìgboyà bá wà nínú ogun, èmi kò mọ èyí tí ó ju ìyẹn lọ. Láìsí orí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, Division 81 kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan ní Kaladan.

Lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa. Mo máa sọ ibi tí èkejì wà. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan ni ó bá wọn kọ ọ́, ní èdè Yorùbá, nítorí pé Bàbá Ṣójà kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe lẹ́tà ayé àtijọ́, ìkíni ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: wọ́n kí ìyá wọn, wọ́n kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí àwọn àgbà ní orúkọ oyè wọn, wọ́n sì kí àbúrò wọn pé kí ó má jẹ́ kí ìyá àwọn máa dá nìkan lọ sóko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ara àwọn le, pé ilẹ̀ tí àwọn wà ní òjò ju tilé lọ. Ìlà méjì tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá tí ń yẹ lẹ́tà wò ti fi yíǹkì dúdú pa rẹ́ pátápátá, bí a bá gbé ìwé náà sójú oòrùn a kò lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n fi parí rẹ̀: ṣé owó ń tẹ ìyá àwọn lọ́wọ́?

Owó náà ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ṣójà lè ní kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òun fún àwọn ará ilé, ohun tí Bàbá Ṣójà sì ṣe nìyẹn. Ní oṣooṣù ni Ìyá Ìtòkò máa ń lọ gba owó yìí ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú, tí wọ́n á tẹ ìka wọn bọ yíǹkì, tí wọ́n á sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún páànù. Ní ọdún 1944, wọ́n débẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, akọ̀wé náà wo ìwé rẹ̀ títí, ó sì sọ fún wọn pé orúkọ ọmọ wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, wọ́n rò pé bóyá ẹni tí ó mọ̀wé jù ú lọ yóò dé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí ìwé kan tó wá, tí tíṣà ìjọ kà fún wọn, tí ó sì jẹ́ ìlà bíi mélòó kan péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ọmọ wọn ti kú lójú ogun. Ìwé náà kò sọ bí wọ́n ti kú, kò sì sọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Ìtòkò dúró sí fún ọdún méjì. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ọmọ wọn kú, ṣùgbọ́n kò sí òkú, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ilẹ̀ tí a gbẹ́. Wọ́n ní ìwé kì í ṣe òkú, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún nínú ilé. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, àwọn ṣójà kò tètè dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó di ọdún 1946 kí ọkọ̀ tó gbé wọn wálé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé rélùwéè ń kó ṣójà bọ̀ láti Èkó, Ìyá Ìtòkò àti ìyá àgbà yóò mú fọ́tò náà, wọ́n á lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá, wọ́n á sì máa fi han ẹni tí ó bá ti wọ kákí: ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí?

Ẹnì kan mọ̀ wọ́n. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ìka méjì ti gé lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ni òun bá wọn kọ lẹ́tà. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà ní ibùdókọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ̀ lé wọn délé. Ìgbà tí ó dé ojúde, kò wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ìyá Ìtòkò, ó sì ní kí wọ́n foríji òun nítorí òun kò mú nǹkan kan bọ̀. Àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Láyé àwọn bàbá wa, bí jagunjagun bá kú sí ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wálé kí àwọn ẹbí lè rí ohun sin. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí mọ̀ pé ohun tí ó yẹ kí òun ṣe nìyẹn, kò sì rí i ṣe, ó sì ti gbé ẹ̀dùn yìí láti Bọ́mà dé Abẹ́òkúta.

Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni àwọn Jàpáàn yí padà kọ lù wọ́n ní agbègbè Kyauktaw, tí gbogbo Division wá ń fà sẹ́yìn. Wọ́n ń ru ẹrù kọjá odò kékeré kan nígbà tí àdó olóró bú láàárín wọn. Ibẹ̀ ni ìka òun lọ. Bàbá Ṣójà kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kú, omi ni wọ́n sì ń bèèrè. Orí ilẹ̀ gíga díẹ̀ lẹ́bàá odò náà ni wọ́n sin wọ́n sí, wọ́n ri ọparun mọ́lẹ̀ láti fi ṣàmì, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Kò fi ìkankan pamọ́ fún ìyá wọn. Ó sọ fún wọn pé bí òjò ilẹ̀ yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ọparun náà kò lè wà níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni ẹkún tó bẹ̀rẹ̀ nílé wa.

Àwọn àgbà ilé pinnu pé a kò lè fi ọmọ sílẹ̀ láìsin ín. Wọ́n mú fìlà kan tí Bàbá Ṣójà fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú méjèèjì tí wọ́n kọ, wọ́n dì wọ́n sínú aṣọ funfun, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ènìyàn. Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ ilé ní èyí kò bá ìwé mímọ́ mu, wọ́n sì ṣe ìsìn ìrántí tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Èmi kò rí ìjà láàárín ìsìn méjèèjì; ẹni tí kò ní sàréè, kò sí ìyẹ́sí tí ó pọ̀ jù fún un. Ìyá Ìtòkò kò sí nílé lọ́jọ́ náà, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ilé aládùúgbò kan ni wọ́n lọ, ìyá àgbà sì sọ pé orin kan kò jáde lẹ́nu wọn, pé gbólóhùn kan ni wọ́n ń tún sọ: ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Owó tí wọ́n ti tù jọ fún páànù ni wọ́n ná sórí ìsìnkú náà. Ọkọ ìyá àgbà ni ó wá kan òrùlé ilé yẹn lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Bí a tilẹ̀ sin fìlà, ẹnu ayé kò dákẹ́. Àwọn oníṣòwò tí ó ti Gold Coast dé sọ pé àwọn rí ẹni tí ó jọ wọ́n ní Kumasi, ẹlòmíràn ní ó rí wọn ní Kano, nítorí Yorùbá gbà pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé lè di àkúdàáyà ní ìlú mìíràn. Ìyá àgbà kì í sọ pé àwọn gbà á, wọn kì í sì í sọ pé àwọn kò gbà á. Ìgbà tí a gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó lọ́kàn wọn. Ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni ọkùnrin yìí, Abẹ́òkúta ni ó ti wọṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó sì wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ní Kaladan, àwọn Jàpáàn kọ lu ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbọn bà á, wọ́n sì fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, sílẹ̀ nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó fi wọ́n pamọ́, tí ó ń bọ́ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ó mọ̀ pé bí àwọn Jàpáàn bá rí wọn lọ́wọ́ òun, òun àti àwọn ọmọ òun kú. Àwọn méjèèjì padà délé láàyè. Ní ọdún 2011, lẹ́tà ìdúpẹ́ Fadoyebo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà ní Bọ́mà. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2012.

Ìyá mi ni wọ́n ka ìtàn yìí fún ìyá àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún nígbà náà. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Oṣù kan náà ni, àfonífojì kan náà ni. Wọ́n wá bèèrè bóyá ẹni tí ó sọ pé òun sin ẹ̀gbọ́n àwọn rí i dájú pé èémí ti tán nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí a rò pé a ti sin mọ́ fìlà láti ọdún 1946 ni ó wà láàyè lọ́kàn àbúrò kan títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà papò dà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ìwé orúkọ tí Commonwealth War Graves Commission, àjọ tí ń bójú tó sàréè àti ìrántí àwọn tí ó kú sógun, ń tọ́jú. Ó fi orúkọ ìdílé wá a, kò rí i. A kò rántí pé àwọn akọ̀wé ológun máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ṣójà, tí ẹni kan á di Musa Kano tàbí Audu Zaria nínú ìwé. Nígbà tí ó fi orúkọ àbísọ wọn àti Abẹ́òkúta wá a, wọ́n jáde, nọ́ńbà ológun tí ó wà níbẹ̀ sì ni nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn fọ́tò, láìyẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kú wà níbẹ̀. Ìdílé wa tí ó ti ń sọ pé "lọ́dún ogun Hítílà" láti ìran mẹ́ta wá rí ọjọ́ kan pàtó tí ó lè dì mú.

Orúkọ wọn wà ní Taukkyan, ní àríwá ìlú Yangon, ní ibi ìsìnkú àwọn ológun tí sàréè tí ó lé ní 6,000 wà. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ọwọ̀n gíga tí wọ́n ń pè ní Rangoon Memorial sí, tí orúkọ àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 wà lára wọn, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí a kò mọ sàréè wọn. Ará Íńdíà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì wà láàárín wọn. Ohun tí ó jẹ́ kí n gba òkúta yìí ní ìrántí nìyí: kò ya ẹni tí ó yìnbọn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ru ẹrù. Kò sí ẹni tí ó tíì lọ wò ó nínú ìdílé wa. Ní Kyauktaw, ìjà tún ti dé. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ilẹ̀ náà ní ọdún 2021 ni ogun abẹ́lé ti gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá mìíràn sì ń wá ọmọ wọn ní etí odò kan náà.

Nílé níbí, ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni Nàìjíríà fi ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó gbé e sí ọjọ́ tí ogun abẹ́lé wa parí ní ọdún 1970. Èmi kò bínú sí àyípadà yẹn. Ogun ara wa ni ó dùn wá jù. Ohun tí ó dùn mí ni pé bí wọ́n bá ti tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ tán, tí gómìnà ti gbé òdòdó kalẹ̀, ọ̀rọ̀ Bọ́mà kì í ju gbólóhùn kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni ó lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò sórí pápá lọ́jọ́ náà lè máà gbọ́ orúkọ Kaladan rí.

Èyí tí ó ṣáájú tiwa tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ní ọdún 2021, Commission yìí fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé, nínú àwọn tí ó kú nínú ogun àgbáyé kìíní, ó kéré tán 116,000, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbikíbi tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ṣe ìrántí wọn rárá, àwọn ọmọ ìlà-oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ jẹ́ àwọn tí ń ru ẹrù. Bí Bàbá Ṣójà bá jẹ́ ọmọ ìran tí ó ṣáájú tiwọn, bóyá fìlà yẹn nìkan ni ì bá kù.

Láti ìgbà tí a ti rí ọjọ́ náà, gbogbo ìdílé máa ń pé jọ sí Ìtòkò ní oṣù kẹta. A ti fi òkúta kékeré kan sí ibi tí wọ́n sin fìlà sí, a gbẹ́ orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn àti ọjọ́ náà sí i lára. Àwọn kan fẹ́ kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sàréè Ìyá Ìtòkò, àwọn àgbà sì kọ̀, nítorí èèwọ̀ tí wọ́n pa mọ́ nígbà ayé wọn, kò yẹ kí á bá wọn rú u lẹ́yìn ikú. Ọmọ tí ó kéré jù tí ó bá lè kàwé ni ó máa ń ka lẹ́tà náà sókè, pẹ̀lú gbogbo ìkíni inú rẹ̀. Tí ó bá dé ibi tí yíǹkì wà, á fò ó, á sì máa lọ.

Bí ẹ bá ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí yín, ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ tú àpótí àwọn àgbà, ẹ wá nọ́ńbà. Ẹ fi orúkọ àbísọ wá a, ẹ fi orúkọ ìlú wá a, ẹ gbìyànjú bí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ṣe lè kọ orúkọ náà sílẹ̀. Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá Bàbá Ṣójà kọ lẹ́tà, tí ó sin wọ́n, tí ó sì dọ̀bálẹ̀ ní ojúde wa, àwọn àgbà wa kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láfẹ́nwá ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní ọdún 1946, ìka méjì kò sí ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì mọ̀wé kọ dáadáa. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, tàbí bí bàbá yín àgbà bá sọ irú ìtàn yìí fún yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ìdílé wa jẹ yín ní ọpẹ́, a sì fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ ní oṣù kẹta.